Kí Ló Dé Tí Ilẹ̀ Oko Mi Fi Ń Dì Gbagidi Lẹ́yìn Òjò?

Arábìnrin kan tó ń dáko ní ẹ̀bá Ìkòyí-Ilé, ní ìhà Ògbómọ̀ṣọ́, ló kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ilẹ̀ tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá wa ni mò ń dá. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń gba katakata láti tú u lọ́dọọdún, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni mo sì ń gbìn síbẹ̀. Ní báyìí, bí òjò bá rọ̀ tí oòrùn sì ràn, ojú ilẹ̀ á dì gbagidi, àgbàdo kì í lè yọrí, omi kì í sì wọlẹ̀ mọ́, ńṣe ló ń ṣàn lọ. Apá ibi tí àbúrò mi pa tì láìro kò jìnnà sí tèmi rárá, síbẹ̀ erùpẹ̀ ibẹ̀ ṣì ń fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni kan láti ilé ẹ̀kọ́ gíga sọ fún mi pé ìhun ilẹ̀ mi ló ti bàjẹ́. Ẹnìkan ní kí n fi fẹ́tíláìsà kún èyí tí mò ń lò, ẹlòmíràn ní kí n ra iyanrìn dà sí i, ẹni tó ń wa katakata sì ní kí n jẹ́ kí òun tú u jinlẹ̀ sí i. Kí ni ìhun ilẹ̀ yìí gan-an? Báwo ló ṣe ń wáyé, báwo sì ni àwọn onímọ̀ ṣe ń mọ̀ pé ó ti bàjẹ́?”

Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú àmójútó ogún. Mo ti ka lẹ́tà yín dáadáa, mo sì rí i pé ohun mẹ́ta ni ẹ kà sílẹ̀ bí ẹni pé àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n: ojú ilẹ̀ tó ń dì, omi tí kò wọlẹ̀, àti ọmọ àgbàdo tí kò lè yọrí. Àìsàn kan ṣoṣo ni. Ọ̀gbẹ́ni tó bá yín sọ̀rọ̀ kò ṣì í sọ. Kò kàn jókòó ṣàlàyé rẹ̀ ni, àwọn tó sì gbà yín nímọ̀ràn lẹ́yìn rẹ̀ ń wo ibi tí ọ̀rọ̀ kò sí. Ní agbègbè wa, bí ilẹ̀ kò bá ṣe dáadáa mọ́, a ó ní ó ti ṣá, ohun tó sì máa ń wà lọ́kàn wa ni pé oúnjẹ inú rẹ̀ ti tán. Òótọ́ ni pé oúnjẹ inú ilẹ̀ lè tán, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti dín kù nínú tiyín náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ilẹ̀ ní nínú yàtọ̀ sí bí ohun náà ṣe tò mọ́ra, bó ṣe tò mọ́ra yìí ló sì ń dà yín láàmú.

Bí ẹ bá bu erùpẹ̀ díẹ̀ nínú oko yín, tí ẹ bu díẹ̀ nínú ti àbúrò yín, tí a sì tú méjèèjì palẹ̀ sínú omi ní yàrá àyẹ̀wò títí tí hóró kan kò fi lẹ̀ mọ́ èkejì mọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má lè mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Hóró iyanrìn ló tóbi jù, láti mìlímítà 2 wá sí 0.05; lẹ́búlẹ́bú wà láàárín 0.05 àti 0.002, èyí tó kéré ju 0.002 lọ ni amọ̀, ojú lásán kò sì lè rí hóró rẹ̀ kan ṣoṣo. Iye tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ nínú ilẹ̀ kì í yára yí padà, nítorí àpáta tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti pinnu rẹ̀, ọdún tí kò lóǹkà ni àpáta náà sì fi jẹrà di erùpẹ̀. Ohun tí katakata lè yí padà láàárín ọdún díẹ̀ ni bí àwọn hóró yìí ṣe dì mọ́ ara wọn, àti irú àlàfo tó kù sáàárín wọn. Èyí gan-an ni a ń pè ní ìhun ilẹ̀. Bíríkì tí wọ́n kó jọ sẹ́bàá ọ̀nà àti bíríkì kan náà tí wọ́n fi kọ́ ilé lè má yàtọ̀ ní iye, ṣùgbọ́n inú ọ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn lè gbé. Yàrá ni gbòǹgbò, omi àti atẹ́gùn sì ń wá nínú ilẹ̀.

Ìpele-ìpele ni ìhun ilẹ̀ ń wáyé, láti orí èyí tó kéré jù. Ara hóró amọ̀ ní agbára tó ń fa nǹkan mọ́ra, àwọn èròjà bíi kálísíọ̀mù, alumíníọ̀mù àti irin tó wà nínú omi ilẹ̀ ló sì ń dúró láàárín hóró kan àti èkejì tí wọ́n fi ń lẹ̀ pọ̀. Pupa tí ẹ ń rí lára ilẹ̀ wa, ìpẹtà irin ni, òun náà sì wà lára ohun tó ń so hóró pọ̀ níhìn-ín. Ohun tó jẹrà láti ara ewé, gbòǹgbò àti àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ti kú á wọ àárín wọn, á sì dì mọ́ wọn. Báyìí ni àwọn ìṣùpọ̀ kéékèèké tí kò tó ìdámẹ́rin mìlímítà ṣe ń jáde. Wọ́n le koko, òjò kan tàbí ìtúlẹ̀ kan kò sì tó láti tú wọn ká.

Èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ lè fojú rí tí ẹ sì lè fìka mú, ohun tó ń bẹ láàyè ló ń so ó pọ̀. Gbòǹgbò wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ á yí àwọn ìṣùpọ̀ kéékèèké ká, fọ́nrán olú inú ilẹ̀ á gba àárín wọn kọjá, oje tó ń jáde lára gbòǹgbò àti lára àwọn kòkòrò àìfojúrí á sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Àwọn onímọ̀ méjì ní Ọsirélíà, Tisdall àti Oades, ló to ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹẹsẹ ní 1982, tí àwọn onímọ̀ yòókù sì ń tọ ipasẹ̀ wọn títí di òní. Wọ́n ní ohun tó ń so ilẹ̀ pọ̀ pín sí mẹ́ta: oje tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré kí àwọn kòkòrò tó jẹ ẹ́ tán, gbòǹgbò àti fọ́nrán olú tó lè lo oṣù mélòó kan tàbí ọdún díẹ̀, àti ohun jíjẹrà tó ti bá amọ̀ àti irin dì pọ̀, tó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ kíyè sí ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú oko yín. Àwọn ìṣùpọ̀ ńlá, tí àlàfo àárín wọn jẹ́ ọ̀nà omi, orí ohun tí kì í pẹ́ tán ni wọ́n dúró lé, nítorí náà àwọn ni yóò kọ́kọ́ tú ká bí a bá dẹ́kun bíbọ́ àwọn tó ń so wọ́n pọ̀. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí kò bá gbogbo ilẹ̀ ayé mu. Oades àti Waters tún un yẹ̀ wò ní 1991, wọ́n sì rí i pé nínú àwọn ilẹ̀ olóoru kan tí ìpẹtà irin ti gba ipò àkọ́kọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó hàn kedere nínú irú ilẹ̀ tí onímọ̀ ń pè ní Alfisol, irú èyí ló sì pọ̀ jù lágbègbè wa.

Gbòǹgbò kò dọ́gba nínú iṣẹ́ yìí. Koríko ni ọ̀gá. Ẹ lọ sí ilẹ̀ àbúrò yín, ẹ fa ìdì bẹẹrẹ tàbí èèsún kan tu, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n díẹ̀. Erùpẹ̀ tí kò bọ́, tó so wóró-wóró mọ́ gbòǹgbò wẹ́ẹ́rẹ́ náà, tó ń fọ́ sí hóró róbótó-róbótó bí ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́, ohun tí mò ń sọ ni ẹ mú lọ́wọ́ yẹn. Ẹ wá fa ẹ̀gẹ́ tu nínú oko yín, kí ẹ wo bí erùpẹ̀ ṣe ń yọ̀ kúrò lára rẹ̀, nítorí gbòǹgbò wẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gẹ́ kò pọ̀. Ekòló náà ń ṣe tirẹ̀: ó ń gbé erùpẹ̀ mì pẹ̀lú ewé jíjẹrà, ó ń pò ó pọ̀ nínú ikùn, ó sì ń yà á jáde. Irú tó pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Hyperthesiodrilus africanus, a máa to ìgbẹ́ rẹ̀ sókè gọgọrọ, ẹ ó sì ti rí wọn lábẹ́ igi nígbà òjò. Rírọ̀ ni ìgbẹ́ náà máa ń rọ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, òjò sì lè wó o. Bí ó bá ti gbẹ tán ni ó máa ń le, tí fọ́nrán olú á sì wọ̀ ọ́. Charles Darwin kọ odindi ìwé kan lórí iṣẹ́ ekòló ní 1881. Ikán náà ń gbé amọ̀ wá láti ìsàlẹ̀, ẹni tó bá ti ro oko rí ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀gán sì mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í rí bákan náà pẹ̀lú ìyókù.

Ohun kan wà tí ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ní tí tiwa kò ní. Ilẹ̀ dúdú alámọ̀ ti ìhà Borno a máa wú bí òjò bá rọ̀, a sì máa sán nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ títí tí ọwọ́ fi lè wọ inú rẹ̀. Wíwú àti sísán yẹn ń tún un hun lọ́dọọdún, kódà lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti tẹ̀ ẹ́ pa. Amọ̀ tiwa kì í wú tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti ba ìhun ilẹ̀ wa jẹ́, ọ̀dọ̀ gbòǹgbò, olú àti ekòló nìkan ni àtúnṣe rẹ̀ wà, àwọn gan-an ni ìtúlẹ̀ ọdọọdún sì ń lé lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe bàjẹ́. Ní ọjọ́ tí ẹ gbin àgbàdo, ilẹ̀ yín wà ní ìhòòhò. Ẹ̀kán òjò ńlá lè já bọ́ ní ìwọ̀n mítà 9 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí kò bá sì sí ewé tàbí pòròpórò tó gbà á mú, orí ìṣùpọ̀ erùpẹ̀ ló ń balẹ̀ sí. Lákòókò kan náà, omi ń yára wọ inú ìṣùpọ̀ tó ti gbẹ, ó ń sé atẹ́gùn mọ́ inú rẹ̀, atẹ́gùn náà á sì fi agbára wá ọ̀nà jáde títí ìṣùpọ̀ náà yóò fi bẹ́. Èyí tó bá ní fọ́nrán olú àti ohun jíjẹrà tó pọ̀ á dúró. Èyí tí kò ní á di ẹrẹ̀. Hóró kéékèèké tó tú sílẹ̀ á dí ẹnu àwọn ihò, omi tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní rí ọ̀nà gbà, á sì máa ṣàn. Nígbà tí oòrùn bá wá ràn, ẹrẹ̀ náà á di èépá tí kò nípọn ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Ẹ fi ọ̀bẹ gbé èépá yẹn lórí ibi tí àgbàdo kò ti yọ: ẹ ó bá ọmọ àgbàdo náà nísàlẹ̀ tó ti ká kò, tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí ewé rẹ̀ sì ti là sínú ilẹ̀. Irúgbìn yín kọ́ ló burú.

Ìdí tí fọ́nrán olú àti ohun jíjẹrà fi dín kù ni katakata, pẹ̀lú ooru tiwa. Bí irin ṣe ń yí ilẹ̀ padà, ó ń já fọ́nrán àti gbòǹgbò, ó ń fọ́ ìṣùpọ̀ ńlá, atẹ́gùn sì ń wọ ibi tí ohun jíjẹrà ti fara pamọ́ sí, kòkòrò àìfojúrí á wá jẹ ẹ́. Ní 1977, Jenkinson àti Ayanaba kọ nípa ìdánwò kan tí wọ́n fi koríko kan náà ṣe ní Ìbàdàn, tí wọ́n sì fi wéra pẹ̀lú ti Rothamsted, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ìlọ́po mẹ́rin ni ìyára tó fi jẹrà ní Ìbàdàn. Ohun tí àgbẹ̀ ìlú tútù lè fi ṣe àṣejù fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó rí àbájáde rẹ̀, kíá ni àwa ń rí i. Àwọn kan á ní ọkọ́ àwọn baba wa náà ń tú ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ro ibì kan fún ọdún díẹ̀, wọ́n á ṣí kúrò níbẹ̀, igbó á sì gbà á padà fún ọ̀pọ̀ ọdún. N kò sọ èyí láti fi yin ayé àtijọ́. Ilẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ wọn ju bó ṣe pọ̀ lọ́wọ́ wa lọ ni.

Ní ti bí àwọn onímọ̀ ṣe ń mọ̀, ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n ṣì ń lò ni èyí tí Yoder kọ nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1936. Wọ́n á to asẹ́ léra, olójú ńlá lókè, olójú kékeré nísàlẹ̀, wọ́n á da erùpẹ̀ sínú èyí tó wà lókè, wọ́n á sì máa rì wọ́n bọ omi, kí wọ́n máa gbé wọn lọ sókè sódò. Ohun tó bá kù lójú asẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á sá gbẹ, tí wọ́n á sì wọ̀n. Àwọn mìíràn ń da oje tó ń dì sínú erùpẹ̀, wọ́n á gé e pẹlẹbẹ, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ amúǹkantóbi wò ó. Kubiëna ló sọ èyí di ìmọ̀ ní 1938. Lóde òní, ẹ̀rọ tí ilé ìwòsàn fi ń ya àwòrán inú ara ni wọ́n ń lò láti wo ihò inú ilẹ̀ láì fọ́ ọ rárá. Àríyànjiyàn ṣì wà láàárín wọn o. Àwọn kan ní ìṣùpọ̀ tí asẹ́ ń kà kò ju ohun tí ọwọ́ ẹni tó ń jọ̀ ọ́ dá sílẹ̀ lọ, pé ihò gan-an ló yẹ ká máa wọ̀n. Lójú tèmi, ẹni tó ń tẹnu mọ́ ihò sún mọ́ àgbẹ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni omi ń gbà. Ṣùgbọ́n asẹ́ kò wọ́n, ẹ̀rọ àwòrán kò sì sí lárọ̀ọ́wọ́tó. Irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ náà ṣẹlẹ̀ lórí oje alẹ̀mọ́ra kan tí wọ́n pè ní glomalin, tí Sara Wright kéde ní Amẹ́ríkà ní 1996, tó ní olú inú gbòǹgbò ló ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ti sọ ọ́ di oògùn gbogboǹṣe kí àwọn mìíràn tó fi hàn pé ohun tí wọ́n ń wọ̀n lábẹ́ orúkọ yẹn, oríṣiríṣi nǹkan ló pò mọ́ ọn.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè lò nínú ilé, tí Emerson gbé jáde ní Ọsirélíà ní 1967. Ẹ mú ìṣùpọ̀ erùpẹ̀ tó tó hóró ẹ̀wà láti oko méjèèjì, ẹ sá wọn gbẹ ní ibòòji, ẹ bu omi òjò sínú ife gíláàsì méjì, kí ẹ sì rọra fi wọ́n sí i láì rò ó. Omi òjò ni kí ẹ lò, nítorí iyọ̀ inú omi kànga lè tan yín jẹ. Ẹ wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ tún wò ó lẹ́yìn wákàtí 2. Bí tiyín bá ya lulẹ̀ tí omi sì mọ́ síbẹ̀, tí ti àbúrò yín dúró, ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ ni. Bí omi bá dàrú yíká ìṣùpọ̀ náà, tí ó sì dà bẹ́ẹ̀ dúró, ọ̀ràn mìíràn ni, ó lè jẹ́ sódíọ̀mù ló pọ̀ jù; kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí i, ẹ gbé erùpẹ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí àwọn ìmọ̀ràn tí wọ́n gbà yín. Ti iyanrìn, ẹ gbàgbé rẹ̀. Iyanrìn ti pọ̀ tẹ́lẹ̀ lójú ilẹ̀ wa, owó yín ni ẹ ó kàn fi ṣòfò. Fẹ́tíláìsà ń bọ́ àgbàdo, bí pòròpórò bá sì pọ̀ sí i tí ẹ fi í sílẹ̀ sóko, ó ṣe ilẹ̀ náà lóore, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kò so hóró kan mọ́ èkejì. Títú u jinlẹ̀ sí i yóò dùn mọ́ yín nínú fún sáà kan, nítorí omi yóò wọlẹ̀ títí di ìgbà tí òjò mélòó kan bá ti lù ú, lẹ́yìn náà yóò burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìmọ̀ràn kẹrin wà tí ẹnikẹ́ni kò gbà yín, tó sì ń ṣiṣẹ́ jù, òun ni pé kí ẹ fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kó sinmi, kí koríko àti ewé Akíntọ́lá bò ó (a ò kúkú lè sá fún orúkọ ọmọ ìlú wa, kódà nínú igbó). Ṣùgbọ́n ọdún ni ìyẹn ń gbà, ilẹ̀ tó ń sinmi kì í sì bọ́ ọmọ.

Ohun tó sún mọ́ ọn ni kí ojú ilẹ̀ má ṣe wà ní ìhòòhò. Rattan Lal, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tó dé IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru tó wà ní Ìbàdàn, ní 1970, tó sì gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn omi àti erùpẹ̀ tó ń ṣàn lọ lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níbẹ̀. Tọ́ọ̀nù 4 sí 6 pòròpórò tàbí koríko lórí hẹ́kítà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìṣàn náà dúró pátápátá. Níbo ni ẹ ó ti rí tọ́ọ̀nù mẹ́rin? Màlúù ń jẹ pòròpórò, ikán ń jẹ ẹ́, iná ọyẹ́ sì ń jó ìyókù. Fún ìdí yìí ni mo fi fẹ́ràn yèrèpè tí kì í yún ara, tí IITA ti pín fún àgbẹ̀ rí: ẹ gbìn ín sáàárín àgbàdo nígbà tí àgbàdo náà bá ń yọ òdòdó, kí ó má baà gùn ún pa, yóò bo ilẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, yóò sì kú sójú ilẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ẹ má ṣe sè é jẹ bí ẹ̀wà, májèlé wà nínú rẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa náà dára, àwọn tó ń sin adìyẹ sì pọ̀ yí wa ká. Ní ti gbígbin àgunmánìyè ní ìlà-ìlà sáàárín oko, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gígé rẹ̀ ti sú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀. Etí ààlà ni mo fẹ́ kí ẹ gbìn ín sí. Ẹ má sì ṣe fi katakata sílẹ̀ lójijì láì fi ohunkóhun bo ilẹ̀, nítorí ilẹ̀ tó ti dì tí a kò tú tí a kò sì bò, àgbàdo rẹ̀ á burú jù ní ọdún àkọ́kọ́.

Bí mo bá wà ní ipò yín, ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ náà ni n ó fi sílẹ̀ kó sinmi, n ó sì gbé ìgbẹ́ adìyẹ àti yèrèpè lọ sórí ìyókù. Lọ́dún yìí, kí ẹ gbin hóró mẹ́ta pọ̀ sójú ihò kan kí wọ́n lè jọ ti èépá náà, kí ẹ sì fi koríko díẹ̀ bo orí ihò. Nínú oko àwọn tí mo ti bá ṣiṣẹ́, omi a máa bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀ dáadáa lẹ́yìn sáà òjò méjì sí mẹ́ta. Ti ilẹ̀dú, ìyẹn kí ohun jíjẹrà tún pọ̀ nínú ilẹ̀, máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì lè ṣèlérí pé yóò padà rí bí bàbá yín ṣe bá a.

Ohun kan wà tí lẹ́tà kò lè fi hàn mí, ìyẹn ni ohun tó wà nísàlẹ̀. Kí ẹ tó náwó, ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn dé orúnkún nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, kí ẹ sì máa fi ọ̀bẹ gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè lọ sísàlẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá ń wọlé wẹ́rẹ́ jálẹ̀, ojú ilẹ̀ nìkan ni àìsàn náà wà. Bí ó bá kọ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, tí gbòǹgbò sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ẹ fọwọ́ tú ibẹ̀ wò. Òkúta wẹ́wẹ́ àti yangí ni ẹ bá níbẹ̀? Irin kankan kò ní tún ìyẹn ṣe, ẹ kọ ebè ńlá kí ilẹ̀ rírọ̀ lè pọ̀ sí i lábẹ́ ẹ̀gẹ́. Erùpẹ̀ tó dì pẹlẹbẹ ni? Katakata ló tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ lè ní kí wọ́n fi irin tó ń la ìsàlẹ̀ láì yí òkè padà là á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì gbin yèrèpè sórí rẹ̀ ní òjò ọdún náà gan-an.